Bí A Ṣe Ń Sin Olú Gbòǹgbò Nínú Bọ́kẹ́ẹ̀tì: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ Iléṣà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dáko ní apá Ìtagúnmọdì, nítòsí Iléṣà, mọ bí ilẹ̀ pupa ibẹ̀ ṣe rí. Ó ki, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ lẹ́yìn òjò, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí i yóò ní ilẹ̀ ọlọ́ràá nìyí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tilẹ̀ fi orúkọ Ìtagúnmọdì pe irú ilẹ̀ náà nínú ìwé wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé irin pọ̀ nínú rẹ̀, irin yìí ló sì máa ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ tí ohun ọ̀gbìn ń jẹ nínú ilẹ̀, mú. Ẹ da ajílẹ̀ sí i lónìí, kò ní pẹ́ tí irin yóò fi gbá púpọ̀ nínú rẹ̀ mú, gbòǹgbò ò sì ní rí i fà mọ́. Síbẹ̀, ẹ̀gẹ́ ń ta níbẹ̀, kòkó sì ń so. Wọn kò dá iṣẹ́ náà ṣe.

Olú kan wà tí kì í yọrí sókè ilẹ̀ rárá, tí ojú lásán kò sì lè rí. Apá kan rẹ̀ wọ inú gbòǹgbò lọ, ó pẹ̀ka síbẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Apá kejì ta fọ́nrán jáde sínú ilẹ̀. Mycorrhiza ni àwọn onímọ̀ ń pe àjọṣe náà, orúkọ tí Albert Bernhard Frank, ará Jámánì, fún un ní 1885. (Olú olówó iyebíye kan tí wọ́n ń jẹ ní Yúróòpù ni wọ́n ní kó wá bí wọ́n ṣe lè máa gbìn. Ibi tó ti ń wá a kiri ló ti bá olú àti gbòǹgbò níbi tí wọ́n ti so pọ̀.) Irú tí Frank rí lára igi ilẹ̀ òtútù yàtọ̀ díẹ̀ sí irú tó wà lára ohun ọ̀gbìn tiwa, ṣùgbọ́n òwò kan náà ni wọ́n ń ṣe. Òwò náà sì ti pẹ́: wọ́n ti rí i nínú òkúta ní Scotland, nínú ewéko tó ti lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún.

Ìjẹ̀ṣà mọ Òṣómàáló dáadáa, ẹni tó ń ru aṣọ lọ sí abúlé tó jìnnà, tó ń tà á láwìn, tó sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi pé. Olú gbòǹgbò ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Irun gbòǹgbò kì í sábà gùn ju mìlímítà kan sí méjì lọ, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í sì í rìn nínú ilẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti jẹ èyí tó wà nítòsí tán, ó tán nìyẹn. Olú yóò wá na fọ́nrán tirẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ sẹ̀ǹtímítà, yóò gba inú ihò tí irun gbòǹgbò kò lè gbà, yóò ru fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, síńkì, bàbà àti omi díẹ̀ bọ̀ wálé. Lẹ́yìn náà ló lóṣòó sínú gbòǹgbò, ó ń gba ṣúgà àti ọ̀rá. Owó náà kì í ṣe kékeré: nínú gbogbo oúnjẹ tí ewé bá sè nínú oòrùn, láti ìdá 4 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló lè bọ́ sọ́wọ́ olú. Kò ní ọ̀nà oúnjẹ mìíràn. Bí kò bá sí gbòǹgbò alààyè, ebi ni yóò pa á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń ṣi ọ̀nà nìyí. Bí ẹ bá da ajílẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀ sẹ́nu gbòǹgbò, kò ní ra ọjà lọ́wọ́ olú mọ́, olú á kógbá sílé. Lọ́dún tí ajílẹ̀ bá wá gbówó lórí, kò sẹ́ni tí yóò bá ẹ̀gẹ́ yín wá oúnjẹ.

Lẹ́búlẹ́bú olú wà nínú ike lọ́jà. Èmi ò bá ẹni tó rà á jà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ló wà nínú ike yẹn, ọkọ̀ ojú omi àti ṣọ́ọ̀bù gbígbóná kì í sì í ṣàánú ẹ̀mí. Olú tiwa ti wà nínú ilẹ̀ wa, ó mọ ooru wa, irin ilẹ̀ pupa kò sì jẹ́ tuntun lójú rẹ̀. A lè sìn ín ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹni tó nílò rẹ̀

Oko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán láti inú igbó tó ti sinmi fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin kò nílò olú kankan láti ọwọ́ yín. Ó ti kún ibẹ̀. Ẹ má ṣáà pa á.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti wúlò ni ibi tí ilẹ̀ òkè ti ṣí kúrò. Ní àyíká Iléṣà, èyí pọ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù: wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á fọ erùpẹ̀ lódò, wọ́n á sì da ilẹ̀ ìsàlẹ̀ bo ilẹ̀ òkè mọ́lẹ̀. Inú sẹ̀ǹtímítà 20 àkọ́kọ́ ni olú pọ̀ sí jù, nítorí náà ihò góòlù kan tó láti sọ ilẹ̀ tó dára di aláìlólú. Ẹ̀yìnkùlé tí àwọn bíríkìlà fi yanrìn kún wà nínú ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ tó ti ń jẹ NPK, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, lọ́dọọdún láìsinmi, àti gbogbo náílọ́nù nọ́sìrì tí ẹ fẹ́ hu kòkó, ọsàn tàbí ọ̀pẹ sí.

Nínú ohun ọ̀gbìn, ẹ̀gẹ́ ni mo máa fi ṣíwájú. Gbòǹgbò rẹ̀ kò pọ̀, ó nípọn, irun ara rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ọwọ́ olú ló ń wò. Ní CIAT, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Kòlóńbíà, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sínú ilẹ̀ tí wọ́n ti pa gbogbo olú inú rẹ̀, ẹ̀gẹ́ náà sì ràn àfi ìgbà tí wọ́n bá rọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ata, tòmátì, àlùbọ́sà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó, obì, ọsàn àti ọ̀pẹ, gbogbo wọn ló ń gbà á. Iṣu náà ń gbà á, kí Ìjẹ̀ṣà má bàa rò pé mo gbàgbé iyán.

Ẹ má fi ṣòfò sórí kábéèjì. Ẹbí rẹ̀ kì í bá olú yìí dòwò pọ̀ rárá. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ náà wà nínú ẹbí tó ṣọ̀wọ́n kó gbà á. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ni kí ẹ fún àwọn yẹn, wọn yóò dúpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá erùpẹ̀ ìyá

Ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ló dára jù, nígbà tí òjò bá ń dágbére. Ohun tó wà lóko ti gbó nígbà náà, olú sì ti kó hóró ìbísí rẹ̀ sínú ilẹ̀. Ìdí kejì ni pé bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ni iṣẹ́ yìí ń gbà, òjò àkọ́rọ̀ á sì bá ọjà yín nílẹ̀.

Ẹ lọ síbi tí eèsún, ewé Akíntọ́lá tàbí koríko mìíràn ti ń hù fún ọdún díẹ̀ láìsí iná, láìsí oògùn. Bí ó bá jẹ́ kòkó ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ bu nínú ti abẹ́ kòkó àtijọ́ kan tí ara rẹ̀ le. Ẹ bu láti ibi mẹ́ta sí márùn-ún, kí oríṣiríṣi olú lè wà nínú rẹ̀. Ẹ gbá ewé òkè kúrò, ẹ fi àdá gé ilẹ̀ wọlé títí dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ sì kó erùpẹ̀ náà tòun ti gbòǹgbò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ yẹn gan-an lẹ wá. Gbòǹgbò gbọ̀ǹgbọ̀n kò wúlò fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ wo gbòǹgbò náà dáadáa kí ẹ tó kó o wálé, nítorí aràn ilẹ̀ wẹ́wẹ́ kan wà tó ń mú gbòǹgbò wú kókókókó. Tòmátì, ilá àti ewédú ló sábà máa ń kó o. Àwọn kan máa ń ṣi kókó aràn yìí mú fún kókó tó wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà, wọn kò sì jọra rárá. Ẹ fi èékánná fà á. Ti ẹ̀wà yóò já kúrò lára gbòǹgbò, bí ẹ bá sì là á, inú rẹ̀ á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́: bakitéríà tó ń fún ẹ̀wà ní náítírójìn ló ń gbénú rẹ̀, ọ̀rẹ́ ni. Ti aràn kì í já, torí pé gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú. Ibi tí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí tòmátì ti ń rọ tó sì ń kú.

Ẹ gé gbòǹgbò náà wẹ́wẹ́ mọ́ erùpẹ̀, ẹ kó o sínú àpò, ẹ fi í síbi tó tutù, kí ẹ sì lò ó láàárín ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Ẹ má sá a sóòrùn.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo àpò erùpẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó igi páìnì wá gbìn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ọmọ igi náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò dàgbà, títí wọ́n fi bu erùpẹ̀ lábẹ́ páìnì tó ti dàgbà wá sí i. Olú tó ń bá páìnì gbé kò sí ní ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ se yanrìn

Yanrìn odò ni ẹ ó lò, tí ẹ ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a kò lo ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá. Ohun tí a fẹ́ ni kí ebi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pa ohun ọ̀gbìn tí a máa gbìn, kó lè fi tipátipá wá olú.

Ẹ gé dírọ́ọ̀mù sí méjì, ẹ to òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ bu omi sí i kó má bo òkúta náà, ẹ tẹ́ àpò lé e lórí, kí ẹ wá da yanrìn tútù sórí àpò náà. Ẹ fi àpò mìíràn bò ó, ẹ dáná sábẹ́ rẹ̀. Ooru omi ni yóò sè é, kì í ṣe pé ẹ ń yan án. Ẹ ri ọ̀dùnkún kan mọ́ àárín yanrìn náà. Nígbà tí ọ̀dùnkún bá rọ̀ dénú, ooru ti dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé. Ẹ jẹ́ kí iná wà níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí sí i. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tutù. (Ọ̀dùnkún náà ṣeé jẹ. Àwọn ọmọ ilé kì í jẹ́ kó ṣòfò.)

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì yan ẹlẹ́rìí

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àtijọ́ tí ẹ ti fọ̀ mọ́ tónítóní tó. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má bàa dúró. Ẹ da yanrìn sí i títí dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ tẹ́ erùpẹ̀ ìyá lé e ní ìnípọn ìka mẹ́ta, ẹ fi yanrìn ìka méjì bò ó. Nǹkan bíi kóńgò kan erùpẹ̀ ìyá sí kóńgò mẹ́ta tàbí mẹ́rin yanrìn ni.

Àgbàdo àti ẹ̀wà ni kí ẹ gbìn pọ̀ sínú rẹ̀. Àgbàdo máa ń ta gbòǹgbò wẹ́wẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ̀wà sì ń wá náítírójìn fúnra rẹ̀. Ọkà bàbà náà dára. Bí ẹ bá dé Ọjà Àtàkúnmọ́sà, ẹ wo hóró náà: èyí tí wọ́n bá ti fi oògùn pa láró, tó pọ́n tàbí tó ń ṣe ewéko-ewéko, ẹ fi í sílẹ̀. Lára oògùn yẹn, èyí tó ń pa èbu wà níbẹ̀, olú àti èbu sì jẹ́ ẹbí.

Ẹ wá ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ́tọ̀. Bí ẹ ṣe ṣe àwọn yòókù ni kí ẹ ṣe é, àfi pé erùpẹ̀ ìyá tí ẹ máa fi sínú rẹ̀, ẹ ó ti sè é bí ẹ ṣe se yanrìn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rìí nìyẹn. Láìsí i, ẹ ò ní lè mọ̀ bóyá olú ló ṣe iṣẹ́ tàbí ilẹ̀ tí ẹ bù wá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta lẹ́búlẹ́bú lọ́jà kì í fi ẹlẹ́rìí kankan hàn yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bomi rin, ẹ fi oúnjẹ dù ú

Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé orí búlọ́ọ̀kù, kí ẹrọ̀fọ̀ ilẹ̀ má bàa ta sí i. Inú oòrùn ni kó wà. Ewé tó wà níbòòji kì í sè tó, kò sì ní rí ṣúgà san fún olú. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa bomi rin ín lójoojúmọ́.

Kò sí NPK. Kò sí ìgbẹ́ adìyẹ. Bí ewé ìsàlẹ̀ àgbàdo bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, náítírójìn ló ń wá. Ẹ po yúríà ìwọ̀n tí orí ìka méjì lè mú mọ́ gálọ́ọ̀nù omi kan, ẹ bu díẹ̀ sí i, ó tó.

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí dé ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ má bẹ̀rù bí ti ẹlẹ́rìí bá ga ju ti olú lọ. Olú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé ni, ṣúgà ló ń gbà, kò tíì ru ọjà kankan dé. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, ẹ wo etí ewé àgbàdo. Ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rìí, etí ewé á máa di àwọ̀ àlùkò, pàápàá ti ìsàlẹ̀, igi rẹ̀ á sì tín-ín-rín: àmì àìtó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìyẹn. Bí ti bọ́kẹ́ẹ̀tì olú bá tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti ẹlẹ́rìí rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti ṣe. Bí àwọn méjèèjì bá rí bákan náà, tí wọ́n sì dára, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti pọ̀ jù nínú erùpẹ̀ tí ẹ bù; ẹ wá ibòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi òwú funfun tó wà lára ewé jíjẹrà hàn yín pé olú gbòǹgbò nìyẹn. Olú tó ń jẹ òkú ewé ni. Olú tó ń hù lórí ilé ikán náà, bó ti dùn tó lọ́bẹ̀, ikán ló ń bá dòwò. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí tiwa gan-an yóò lo awò amúǹkan-tóbi: wọ́n á fi kẹ́míkà bó àwọ̀ gbòǹgbò, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú yíǹkì àti fínígà, olú inú rẹ̀ á wá yọ ní àwọ̀ búlúù. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń kọ́ nípa ewéko ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ifẹ̀ kò jìnnà, ẹ fún un ní gbòǹgbò díẹ̀ kó lọ wò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi òùngbẹ halẹ̀ mọ́ ọn

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ààbọ̀ tàbí mẹ́rin, ẹ dáwọ́ omi dúró pátápátá. Bí olú bá rí i pé ẹni tó ń bọ́ òun fẹ́ kú, yóò sáré kó hóró ìbísí jọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ẹ gé igi àgbàdo àti ẹ̀wà kúrò nídìí, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Ẹ wá dà á sórí tapólì mímọ́ lábẹ́ ibòòji. Yóò jáde ní odidi, gbòǹgbò ti hun ún pọ̀. Ẹ tú u, ẹ gé gbòǹgbò náà bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kan, ẹ pò ó mọ́ yanrìn rẹ̀. Ọjà yín nìyẹn. Inú àpò aṣọ tàbí àpò ìrẹsì ni kó wà, níbi tó gbẹ tó sì tutù, kì í ṣe inú ike tí ẹ dé pa, kì í sì í ṣe lábẹ́ páànù tó ń gbóná. Ẹ lò ó ní àsìkò ọ̀gbìn yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gbé e fẹnu kan gbòǹgbò

Ẹ má fọ́n ọn káàkiri oko. Olú kì í rìn jìnnà kó tó rí gbòǹgbò. Ibi tí gbòǹgbò ti máa kọ́kọ́ yọ ni kó wà. Fún àgbàdo àti ẹ̀wà, ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ihò, ẹ bo o fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sọ hóró sí i. Fún ẹ̀gẹ́, ẹ dà á sábẹ́ igi rẹ̀ níbi tó máa wà nínú ilẹ̀. Fún iṣu, ẹ ṣí ebè, ẹ dà á sí ìdí èbù kí ẹ tó bò ó. Tòmátì àti ata tí ẹ fẹ́ tún gbìn, ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò wọn fara kàn án nínú ihò. Nínú náílọ́nù kòkó, ẹ po ìdá kan rẹ̀ mọ́ ìdá mẹ́sàn-án ilẹ̀. Nọ́sìrì ni mo fẹ́ràn jù: ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ ó lò, igi náà yóò sì gbé e lọ sóko fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó ṣì yẹ kí ẹ fún ilẹ̀ lóúnjẹ. Òṣómàáló kì í dá aṣọ hun; bí kò bá sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú ilẹ̀ rárá, olú ò ní rí kankan rù. Ìdọ̀tí tó ti jẹrà dára jù. Bí ẹ bá fẹ́ lo NPK, ẹ dín in kù, ẹ dúró di bí ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ẹ sì fi í sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sínú ihò.

Ìgbésẹ̀ keje: kó má kú mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ má sun oko. Ẹ má fi katakata tú ilẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé gbogbo fọ́nrán yẹn ni irin katakata ń já. Ẹ má fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán láti ìkórè di òjò. Ẹ̀wà díẹ̀ tó ń fà káàkiri tó láti bọ́ olú. Lẹ́yìn kábéèjì tàbí tẹ̀tẹ̀, àgbàdo tàbí ẹ̀wà ló kàn. Ẹ̀yin olóko kòkó tó ń fín oògùn oníbàbà nítorí èso tó ń dúdú, ẹ má da èyí tó kù nínú táǹkì sídìí igi. Bàbà kì í lọ nínú ilẹ̀, ó máa ń kó jọ lọ́dọọdún, bó bá sì ti pọ̀ jù, ó ń ba olú jẹ́.

Ẹ fi kóńgò méjì pamọ́ nínú ọjà yín kí ẹ má lò ó tán. Ní oṣù kọkànlá tó ń bọ̀, òun ni erùpẹ̀ ìyá yín, ṣùgbọ́n ẹ bu kóńgò kan tuntun láti inú igbó mọ́ ọn. Kì í ṣe gbogbo olú ló fẹ́ràn àgbàdo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì bákan náà. Bí ẹ bá ń lo ti àná nìkan lọ́dọọdún, oríṣi kan tàbí méjì ni yóò kù nínú rẹ̀.